Níbo ni ìrànlọ́wọ́ ìjọba wà fún ọ́fíìsì akántáǹtì kékeré?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ọ́fíìsì akántáǹtì kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ní ìwé àṣẹ ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akántáǹtì. Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹfà, ilẹ̀ máa ń ṣú bá wa lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ iṣẹ́ kì í tán. Mo ti ń dá oníbàárà tuntun padà. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìjọba ibẹ̀ máa ń bá ilé iṣẹ́ kékeré san owó software. Níbo ni mo ti lè rí irú ẹ̀ gbà ní Nàìjíríà? Ẹnì kan ti ní kí n mú owó díẹ̀ wá kí òun bá mi lé e ní Àbújá."

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyáàfin, ẹ sì kú ìfaradà. Owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba dìídì yà sọ́tọ̀ kí ọ́fíìsì akántáǹtì fi ra software, ẹ má fojú sọ́nà fún un ní Nàìjíríà. Ìyẹn ò ní kí ẹ rò pé kò sí nǹkan kan fún irú wa o. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í wá bí owó ọwọ́ ni. Apá kan jẹ́ owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lè dá padà fún yín, apá kan jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń san owó rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ iṣẹ́ tí òfin ti sọ kalẹ̀ lórí yín tí ẹ ṣì ń rù kiri. Kò sì sí èyí tó máa ṣe yín láǹfààní nínú wọn bí iṣẹ́ inú ọ́fíìsì bá wà bó ṣe wà.

Àbúrò yín kò parọ́. Ní oṣù Kìíní 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ètò kan tó ń jẹ́ Help to Grow: Digital. Ilé iṣẹ́ kékeré tó bá fẹ́ ra software tí wọ́n fọwọ́ sí, ti ìṣirò owó wà lára rẹ̀, ìjọba á bá a gbé ìdajì, kó ṣáà má ju £5,000 lọ. Ibi tí àbúrò yín lè má tíì gbọ́ dé ni pé wọ́n ti ètò náà pa ní oṣù Kejì 2023, torí àwọn tó wá gbà á kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n retí. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ kì í ráyè kọ́ ohun tuntun, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Singapore náà ní tiwọn, Productivity Solutions Grant, tó máa ń gbé tó ìdajì owó software. Ṣùgbọ́n ará Singapore ló wà fún, kì í ṣe fún Mọ́kọ́lá.

Nítorí náà, ilé la ó ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú fáìlì oníbàárà kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ wo ọjọ́ tó wọlé, ẹ wo ọjọ́ tó jáde, kí ẹ wá bi àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé ọjọ́ mélòó gan-an ni ọwọ́ ènìyàn fi wà lára rẹ̀. Bí ọ́fíìsì yín bá rí bí ọ̀pọ̀ tí mo ti wọ̀, fáìlì náà á ti lo oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí tábìlì, nígbà tí iṣẹ́ gidi tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìyókù, ó ń dúró ni: ó ń dúró de rìsíìtì, ó ń dúró de ìwé báńkì, ó ń dúró de yín kí ẹ ráyè yẹ̀ ẹ́ wò torí ẹ̀yin nìkan lẹ lè fọwọ́ sí i.

Ẹ tún wo ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe nígbà tó wà lára rẹ̀. Alhaja tó ń ta aṣọ ní Gbági ya rìsíìtì ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìdajì nínú òjìji. Báńkì fi sítéétìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ ní PDF. Ọmọ iṣẹ́ yín tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, ó jókòó tì í, ó sì ń tẹ iye kọ̀ọ̀kan padà sínú Excel, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ó fo ìlà kan, àpapọ̀ kò bára mu, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ₦4,500 tó sọnù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí software tí ìjọba lè rà fún yín tó máa wo èyí sàn bí ẹ kò bá kọ́kọ́ yí ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọlé padà.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Kí oníbàárà kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí báńkì rẹ̀ pé kí wọ́n máa fi sítéétìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ ní Excel lóṣooṣù, kí ímeèlì ọ́fíìsì yín sì wà lára ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ń ṣe é bí oníbàárà bá béèrè, a kì í béèrè ni. Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ìwé á máa gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kí ó má gbé fáìlì kankan fún ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ títí tí ohun tí ẹ béèrè á fi pé, torí fáìlì tí a ṣí, tí a pa, tí a tún ṣí, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń san owó rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ má kọ "kindly forward all relevant documents" sí Alhaja. Irú èyí ni kí ẹ kọ:

"Alhaja, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. A ti rí ìwé báńkì oṣù Kẹrin gbà. Nǹkan mẹ́ta ló kù: rìsíìtì ọjà ₦640,000 tí ẹ san ní ọjọ́ 9, ti ₦215,000 ní ọjọ́ 17, àti orúkọ ẹni tí ẹ fi ₦300,000 ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 22. Bí a bá rí wọn di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ yín á jáde ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Èyí tó le díẹ̀ ni owó iṣẹ́. Bí ẹ bá ń gba owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni oníbàárà á máa rántí yín, oṣù Kẹfà sì ni. Ẹ pín owó náà sí oṣù méjìlá. Ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù á fi ìwé ránṣẹ́ lóṣooṣù, torí kò ní fẹ́ kí owó rẹ̀ ṣòfò.

Ọjọ́ tí òfin dá náà ń kó iṣẹ́ jọ lé yín lórí: PAYE (owó orí tí à ń yọ nínú owó oṣù) di ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e, VAT (owó orí ọjà) di ọjọ́ 21, ìwé owó orí òṣìṣẹ́ lọ́dún di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ti kọ́ńpìnnì láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò rẹ̀ bá parí. Bí gbogbo kọ́ńpìnnì tó wà lọ́wọ́ yín bá ń parí ọdún wọn ní oṣù Kejìlá, gbogbo wọn ló máa ya lù yín ní oṣù Kẹfà. Àmọ́ òfin kò ní kí ọdún ìṣirò parí ní oṣù Kejìlá dandan. Oníbàárà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ẹ bá a jókòó, kí ó yan oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹsàn-án tí kò bá sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ oṣù Kejìlá. Láàárín ọdún méjì, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìjọba. N óò ti ibi tí àwa fúnra wa kì í fẹ́ gbọ́ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ́díìtì, àyẹ̀wò ìwé ìṣirò kọ́ńpìnnì. Òfin kọ́ńpìnnì ti 2020, CAMA, ní ìpín 402, ti yọ kọ́ńpìnnì kékeré kúrò nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣe ọ́díìtì lọ́dọọdún, àfi ti báńkì àti ti ìbánigbófò. Ìpín 394 ló ṣàlàyé ẹni tó kéré: kọ́ńpìnnì aládàáni tí owó tó wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ, tí ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn gbèsè kò ju ₦60 mílíọ̀nù lọ, tí kò sí àjèjì tàbí ìjọba nínú àwọn onípìn-ín rẹ̀, tí àwọn olùdarí sì di ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún mú. Ẹ ka àwọn oníbàárà yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni kò sí nínú àpèjúwe yìí? Síbẹ̀, a ṣì ń ṣe ọ́díìtì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tàbí torí ẹ̀rù ń bà wá pé owó iṣẹ́ wa á já wálẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ ń lò láti ṣe ọ́díìtì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni wákàtí tí ẹ lè fi gba oníbàárà tí ẹ ń dá padà yẹn. Ẹ ṣe ìwé ìṣirò tó péye fún Alhaja, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà àdéhùn pé ọ́díìtì kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba owó tó yẹ iṣẹ́ náà. Bó bá fẹ́ yá owó ńlá ní báńkì tí báńkì sì béèrè ọ́díìtì, ìyẹn di iṣẹ́ mìíràn, owó mìíràn.

Òfin tuntun tó tún kàn yín ni Nigeria Tax Act ti 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ ṣí Excel tí ẹ fi ń ṣe owó oṣù àwọn oníbàárà. Bí ẹ bá ṣì rí ₦200,000 pẹ̀lú ìdá 20 níbì kan nínú fọ́múlà, ti àtijọ́ nìyẹn. Àyọkúrò ọ̀hún, iye tí a kì í gba owó orí lórí rẹ̀, ti kúrò. Èyí tó wà báyìí ni ti owó ilé, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí òṣìṣẹ́ san lọ́dún, kó má ju ₦500,000 lọ. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ fún owó orí kò sì ní owó orí kankan lórí. Fáìlì Excel kan tó tọ̀nà, tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò, á gbà yín lọ́wọ́ àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta.

Nínú òfin yìí kan náà, kọ́ńpìnnì tí owó tó wọlé fún un kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, tí dúkìá rẹ̀ bí ilé, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kò san owó orí kọ́ńpìnnì. Ìròyìn ayọ̀ ni fún Alhaja bó bá ti sọ ọjà rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Fún àwa ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lára kọ́ńpìnnì kékeré. Àwa tí à ń ṣàlàyé àǹfààní náà fún aráyé ni wọ́n yọ sílẹ̀! Ọ́fíìsì yín tó bá jẹ́ orúkọ ìṣòwò lásán, owó orí ara yín ni ẹ ń san lórí èrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí ẹ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí torí kí ẹ má baà san owó orí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ fún un.

TaxPro Max, ojú òpó owó orí tí FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2021 kó tó di Nigeria Revenue Service, ìrànlọ́wọ́ ìjọba ni òun náà, ẹni tó bá rántí bí a ṣe ń tò sí ọ́fíìsì owó orí tẹ́lẹ̀ kò ní jiyàn. Ohun tó ń fa ìdádúró níbẹ̀ ni pé ímeèlì akántáǹtì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ gbàgbé password, ìlànà àtúnṣe lọ sí ímeèlì ẹni tí wọ́n ti jà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nínú oṣù tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà sí ímeèlì oníbàárà fúnra rẹ̀, ti CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, náà pẹ̀lú. Kí ẹ sì fi ìwé VAT ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ 15. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 21 ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń dójú tì.

Ó wá ku owó tí wọ́n lè dá padà fún yín. Industrial Training Fund, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà láti 1971, Jos ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì wọn sì wà n'Ìbàdàn. Látìgbà tí wọ́n tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2011, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó san lọ́dún. Ẹ ní ẹ jẹ́ mẹ́fà. Bí a bá yọ yín kúrò, márùn-ún ló kù, ẹ ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni gbèdéke owó ọdún tó kọjá.

Ẹni tó bá san án, tó sì fi hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́ òun ní iṣẹ́, lè gbà tó ìdajì padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, ₦150,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nìyẹn lọ́dún. Ìdá kan rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦45,000. Kò tó owó ra kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ó lè ran ọmọ iṣẹ́ kan lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Excel gidi, èyí tí wọ́n ti máa kọ́ ọ bí a ṣe ń fi Power Query, irinṣẹ́ kan nínú Excel, kó ìwé báńkì jọ láìtẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, òun ni mo rò pé ó lè tètè dín wákàtí yín kù jù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ètò ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí, torí wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Bákan náà, ìwé ẹ̀rí ITF wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè pẹ̀lú ti PenCom (owó ìfẹ̀yìntì) àti NSITF (ìbánigbófò òṣìṣẹ́) bí ẹ bá fẹ́ du iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ tún rò ó wò: oníbàárà yín mélòó ló ń san ITF tí kò gba nǹkan kan padà rí? Iṣẹ́ tuntun ni fún yín, tí kò sì sí nínú ìjì oṣù Kẹfà.

Ní ti ọmọ iṣẹ́, ètò Nigeria Jubilee Fellows, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tí wọ́n sì ṣí ìpele kejì rẹ̀ ní 2023 pẹ̀lú owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ọwọ́ UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, máa ń fi ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì, tó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, sí ilé iṣẹ́ fún oṣù méjìlá. Ètò náà ló ń san owó rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí nígbà gbogbo, ẹ máa wo ojú òpó wọn. Àgùnbánirọ̀ náà wà, ìjọba àpapọ̀ ń fún un ní ₦77,000 lóṣù láti 2025, ṣùgbọ́n ìlànà NYSC lórí fífi wọ́n sí ilé iṣẹ́ aládàáni máa ń yí, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó kọ̀wé. Èwo yòówù tó bá wá, ẹ má fi jókòó ti ìwé báńkì. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ẹni tí gbogbo ìwé ń gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kí ó sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé e má baà bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

3MTT ti ìjọba àpapọ̀, láti 2023, ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, ìtúpalẹ̀ dátà wà níbẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ yín kan bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀yáwó ńkọ́? Nípasẹ̀ Bank of Industry, báńkì ìjọba, ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣí èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ kékeré ní 2024: tó ₦1 mílíọ̀nù, èlé ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún mẹ́ta láti fi san án. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣì ṣí. Èlé yẹn kéré gan-an sí ti báńkì ìgboro. Bí ẹ bá rí i gbà, èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi ra software. Software tí à ń san owó rẹ̀ ní dọ́là kì í tán, ẹ̀yáwó sì máa tán. Ínfátà àti bátìrì ni kí ẹ fi ra. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, wákàtí tí ọ́fíìsì ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ti wọ́n jù, wákàtí tí iná lọ tí wọ́n jókòó lásán sì wọ́n ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá sì ń lo software ayédèrú tí wọ́n bá yín fi sórí kọ̀ǹpútà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹ yọ ọ́. Ìwé oníbàárà ló wà nínú rẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 sì ti mú ẹni tó bá jẹ́ kó jò.

Ẹni tó ní kí ẹ mú owó wá fún Àbújá, ẹ má fún un. Kò sí èyí tó nílò rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún Jubilee Fellows, 3MTT àti ẹ̀yáwó, láìsan kọ́bọ̀, ITF sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ n'Ìbàdàn. Bó bá ní òun mọ ètò kan tí kò sí ní gbangba, ẹ ní kó fún yín ní orúkọ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe é, kí ẹ̀yin fúnra yín lọ béèrè níbẹ̀.